Fúláwà Mi Níbi Tí À Ń So Àgbò Mọ́

"Ẹ wá o! Ẹ wá wò ó! Ó ti pọ́n! Màmá, ẹ máa bọ̀ kíá, ó ti pọ́n o!"

Pákò ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi ń pariwo yẹn. Ìró ń tú lára mi, mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo ń fi èkejì juwọ́ sókè bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Bàtà mi kan ti há sínú ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún, mi ò bojú wẹ̀yìn wò ó. Ẹ̀rín ni mò ń rín àbí ẹkún ni mò ń sun, mi ò tiẹ̀ lè sọ. Mo ṣáà ń fò lójú kan náà.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló kọ́kọ́ sáré jáde. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ọmọ odó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Níbo ló wà? Ejò ni?"

"Kì í ṣe ejò, Màmá!"

"Olè ni?"

"Fúláwà ni, Màmá! Fúláwà mi ti pọ́n!"

Ó dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí kí n tó jẹ ẹran Iléyá tọdún yìí ni?"

Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí yàrá tiẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, yọrí lójú fèrèsé. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé akọ̀wé ti kórè ni?"

"Ẹ jáde wá, Àǹtí mi! Ẹ wá fojú ara yín rí i!"

Ẹ má bínú. Inú mi dùn débi pé ọ̀rọ̀ ń sáré ju ẹnu mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n mí ná, kí n wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí fúláwà yìí ti fojú rí ò ní mọ ìdí tí obìnrin tó ka ìwé jáde á fi máa fò nínú ẹrẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo wọ ilé ọkọ mi ní Muṣin tí gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Yábàá ni mo ti dàgbà, nínú ilé kékeré kan tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ lálẹ́. Yábàá sí Muṣin kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín, àmọ́ ilé ọkọ ni ilé ọkọ. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ló ti ní ẹni tó ni ín kí n tó dé. Àga tí mo bá fẹ́ jókòó lé, ẹnì kan á ní, "Àga bàbá ọkọ ẹ nìyẹn o." Ìkòkò tí mo bá gbé kaná, ẹnì kan á ní ọbẹ̀ ilá nìkan làwọn fi ń sè. Wọn ò fìyà jẹ mí o, wọ́n ń kẹ́ mi gan-an. Mo kàn ń fẹ́ nǹkan kan nínú ilé yẹn, bó ti wù kó kéré tó, tí ẹni tó bá rí i á sọ pé, "Ti ìyàwó nìyí."

Mo sì ní nǹkan náà nínú àpótí mi. Lọ́jọ́ tá a jáde níléèwé, Mísì tó ń kọ́ wa nípa ewéko fún mi ní àpò lẹ́tà kékeré kan. Èso wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ó dúdú, ó ń dán bí ojú èèrà. Ó ní fúláwà pupa ni, tí orí ẹ̀ máa ń rí bí ogbe àkùkọ. Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ tí mo bá ní ilẹ̀ tèmi. Mo fi í sáàárín aṣọ mi, ó sì bá mi dé Muṣin.

Ilẹ̀ wá dà? Àgbàlá Màmá kì í ṣe ibi tí koríko ti ń yọjú. Ní gbogbo àárọ̀, kí ojú tó là dáadáa, a ti gbá a mọ́ títí ipa ìgbálẹ̀ á fi hàn lórí iyanrìn bíi pé wọ́n fi òòyà yà á. Ewé kan bọ́ sílẹ̀, Màmá ti ṣà á. Wolé-wolé náà sì ń yí gbogbo àdúgbò ká. Tó bá rí igbó lẹ́yìnkùlé ẹni, tàbí agolo tó gba omi òjò sínú tí ẹ̀fọn ti yé sí i, onílé á dé kóòtù. Ta ló wá fẹ́ máa gbọ́ pé ìyàwó tuntun fẹ́ gbin igbó?

Mo bá fi agolo mílíìkì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, lójú fèrèsé yàrá wa. Mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i, mo wọ́n èso sí i, mo wá ń bu omi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lọ́mú. Mi ò da ìdí agolo lu. Ìwé tí mo kà ò bá mi dé ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́. Wágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń tún ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, òórùn epo àti irin ló máa ń wà lára ẹ̀, síbẹ̀ òun ló fa imú ṣù.

"Kí ló ń run nínú yàrá yìí? Ṣé ògì lo rẹ ni?"

"Fúláwà ni."

"Fúláwà tó kan báyìí?"

Gbogbo ẹ̀ ti jẹrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí tó wù yín láti gbin nǹkan sínú agolo, ẹ bá mi fi ìṣó lu ìdí ẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin márùn-ún, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ sunkún bí mo ṣe sun. Èso tó ṣẹ́ kù nínú àpò lẹ́tà yẹn ò pọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé inú ilẹ̀ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ gbìn ín sí báyìí. Mo bá kó gbogbo ìgboyà mi jọ, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá níbi tó ti ń nu gíláàsì àtùpà. Gíláàsì àtùpà àti òwú àtùpà ló ń tà lọ́jà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi níbì kékeré kan lẹ́yìnkùlé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbin fúláwà ni, Màmá."

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, Màmá. Wọ́n kàn máa ń wò ó ni."

Ó gbé gíláàsì sókè, ó gba inú ẹ̀ wò mí. "Wọ́n kàn máa ń wò ó." Ìyálé mi tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fún un o. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ṣe oko ìwòran."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mú mi lọ síbi ògiri ẹ̀yìn, níbi tí òpó kan wà tí okùn ti jẹ ara ẹ̀ wọnú. "Àyè kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ nìyí. Ibí yìí là ń so àgbò Iléyá mọ́. Bàbá ọkọ ẹ ló ri òpó yìí, ibẹ̀ ló ń so ó mọ́ lọ́dọọdún títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo fún ẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Tí mo bá rí fúláwà níbẹ̀ kí àgbò tó wọlé, a jẹ́ pé a ó wá ibòmíì fún àgbò. Tó bá jẹ́ ewé lásán ni mo rí, àgbò máa gba ibẹ̀ ẹ̀ padà, ohun tó bá sì bá níbẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ ni."

Mo dúpẹ́ títí orúnkún mi fi ro mí.

Ṣé ẹ ti gbin nǹkan rí, tẹ́ ẹ wá ń jí lójoojúmọ́ lọ wo ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀? Wèrè díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ sán wẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹfà, ohun kan yọ, tín-ín-rín, ìdí ẹ̀ pupa, ewé méjì péré lórí bí ẹni tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń kí i. Mo kí i gan-an ni! "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn." Ìyálé mi gbọ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ń kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi, á ní, "Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Adìyẹ ni ọ̀tá kejì. Wọ́n fi èékánná tú mẹ́rin nínú wọn síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ mi ló bá mi gbé irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan jáde láti òkè àjà, eléyìí tó ní wáyà káàkiri ara ẹ̀, ó fi yí wọn ká bí ọgbà. Kò dùn ún wò rárá, àmọ́ adìyẹ ò lè kọjá á. Nígbà tí mo ka àwọn tó ṣẹ́ kù, méje ni. Méje yẹn ni mo fi gbogbo ara tọ́jú. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan ààbọ̀, wọ́n ti dé orúnkún mi, ewé wọn tutù, ó gbòòrò, ó ń dán. Mo máa ń jókòó tì wọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, n ò ní ṣe nǹkan kan, n ò ní ronú nǹkan kan.

Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò dìde. Òjò náà ò dá, gbogbo ọ̀nà kún fún omi, kò sí ẹni tó kiri ọjà wọ àdúgbò wa. Màmá ló ń bá mi se àgbo dóńgóyárò, òun ló ń bu omi gbígbóná wẹ̀ mí, òun ló ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀ mi. Ẹnu mi korò, mi ò lè jẹ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé àwo kan wá, ó ń rú èéfín, ẹ̀fọ́ ni, ó fi ẹja gbígbẹ àti irú sè é, ó tutù lójú, ó ń ta sánsán. Mo tọ́ ọ wò. Mo tún tọ́ ọ wò. Mo jẹ gbogbo ẹ̀, mo fi ìka nu àwo.

"Màmá, ẹ̀fọ́ yìí dùn o. Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Ayọ̀ bo ojú ẹ̀. "Ó ṣẹ́ kù, ọmọ mi. Ó ṣẹ́ kù dáadáa."

Mo jẹ àwo kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ara mi ti yá díẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá ògiri mú títí mo fi dé ẹ̀yìnkùlé pé kí n lọ wo àwọn èèyàn mi. Igi méje ló wà nídìí òpó, gbogbo wọn ò lórí. Wọ́n ti ká wọn láti àárín, ó kù díẹ̀díẹ̀ ewé nísàlẹ̀. Mo dúró. Ó pẹ́ kí ọkàn mi tó rìn dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀fọ́ àná. Fúláwà mi ni mo jẹ. Mo jẹ ẹ́, mo yìn ín, mo tún béèrè sí i!

Mo wọnú balùwẹ̀ páànù, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mi ò sọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Obìnrin tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ wẹ̀ mí, kí n wá lọ bá a pé ó ba nǹkan mi jẹ́? Síbẹ̀ mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń kà á lọ́kàn mi, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àgbò máa ń wọlé ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Igi tí kò lórí, níbo ló ti fẹ́ rí fúláwà tan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?

Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó rí ojú mi. "Ṣé kí n bá Màmá sọ ọ́?"

"Ẹ má dán an wò o! Ẹ fi Ọlọ́run búra pé ẹ ò ní sọ."

Kò sọ. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ọmọdé. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ó gbé igbá ẹ̀gúsí wá síwájú mi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èmi náà mú díẹ̀, mò ń bó o. A bó o títí.

"Ìyàwó, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí o, Màmá."

"Ọjọ́ mẹ́ta lo ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ṣé ẹ̀fọ́ tí mo ká yẹn ni? Mo ní mo máa sọ fún ẹ, o ń sùn ni. Inú mi dùn débi pé mo ti ròyìn ẹ̀ lọ́jà. Gbogbo àwọn tá a jọ ń tajà, tí wọ́n ń sọ pé ìyàwó tó kàwé ò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ṣíbí, mo sọ fún wọn pé ìyàwó mi gbin ṣọkọ lẹ́yìnkùlé, ó gbin ṣọkọ tó jíire ju tọjà lọ. Ẹnu wọn wọhò."

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti já lọ́wọ́ mi. Ẹkún ni mo fi dáhùn. "Màmá, kì í ṣe ṣọkọ. Fúláwà tí mo sọ fún yín náà ni."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Fúláwà náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣùgbọ́n ewé ṣọkọ ni mo rí. Láti kékeré ni mo ti mọ ewé ṣọkọ. Mo rò pé ojú ló ń tì ẹ́, o ò fẹ́ kí ìyálé ẹ pè ẹ́ ní ará oko, lo ṣe ń pè é ní fúláwà." Ó wò mí. Ojú tiẹ̀ náà rọ̀. "Mo sì bu kún un fún ẹ."

"Ó dùn, Màmá. Ọlọ́run ń gbọ́, ó dùn."

Bó ṣe di ẹ̀rín nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹkún ṣì wà lójú mi, òun náà bá gbà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà ẹ̀ mú, igbá ẹ̀gúsí dojú dé. Ó wá nu ojú, ó ní, "Dìde. Tẹ̀ lé mi."

Ó mú mi lọ sídìí òpó. Ó lóṣòó, ó fa ewé kan sísàlẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka síbi tí ewé ti lẹ̀ mọ́ igi. Ohun kan wà níbẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Òmíràn wà lókè ẹ̀. Òmíràn wà lódìkejì.

"Ṣọkọ tí wọn ò bá ká, á kàn máa ga bí òpó iná ni. Tó o bá ká a, á ya ẹ̀ka. Orí kan lo pàdánù yẹn, mẹ́ta mẹ́rin ló ń bọ̀. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ìwé?"

"Wọn ò kọ́ wa, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?"

"Wọ́n ní ká ya àwòrán fúláwà, ká kọ orúkọ gbogbo ara ẹ̀ sí i."

"Ẹ sì kọ ọ́?"

"Èmi ni mo ṣe ipò kìíní."

Ó mirí. Mo ní, "Màmá, ṣé á pọ́n kí àgbò tó dé?"

Kò parọ́ fún mi. "Ṣọkọ ni mo mọ̀, mi ò mọ fúláwà. Ohun tí mo sọ nípa àgbò, mo ti sọ ọ́. Nídìí òpó bàbá wọn ni." Ó dìde, ó ní, "Àmọ́ a ó jọ máa bomi rin ín."

A sì jọ ń bomi rin ín. Omi tí Màmá bá fi ṣan ìrẹsì, kì í dà á nù, ìdí òpó ló ń gbé e lọ. Ó bu eérú sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé, èmi máa ń fi igi ìgbálẹ̀ mú wọn kúrò, torí mi ò lè fọwọ́ kàn wọ́n, Màmá á fi bàtà tẹ̀ wọ́n pa, á máa bú wọn. "Olójúkòkòrò! Ṣé kò sí koríko níbòmíràn ni?" Òjò alátẹ́gùn kan dé, ó tẹ méjì dojú bolẹ̀, ọkọ mi fi páànù dáàbò bò wọ́n, ó fi aṣọ gígé so wọ́n mọ́ ọ̀pá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ka ti yọ lóòótọ́. Láàárín méjì, mo ka orí mọ́kànlélógún lórí igi méje, mo pa ìró dà, mo tún un kà. Mọ́kànlélógún!

Ṣùgbọ́n wọ́n tutù ni. Orí kọ̀ọ̀kan ṣù jọ bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó di nǹkan mú, ó tutù, kò fẹ́ là. Ìyálé mi pàápàá ò bú mi mọ́, á kàn wá, á wò ó, á ní, "Wọ́n ò tíì fẹ́ jí?" Ọ̀sẹ̀ kẹta kọjá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ń parí lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ń jẹun, ó ní wọ́n ti já àgbò sílẹ̀ ní Ìdó, ọkọ̀ ojú irin kó wọn wá láti òkè ọya, òun á lọ mú tiwa lọ́la. Ó wò mí bó ṣe sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ sọ pé kó dúró di ọ̀túnla. Mo rí Màmá lódìkejì, ó ń wo àwo ẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo fi pákò sẹ́nu, mo lọ pé kí n kí wọn pé ó dàbọ̀. Mo sì rí pupa.

Ó pọ́n! Kì í ṣe ọ̀kan, mẹ́sàn-án ló ti ṣí, pupa tó jinlẹ̀, tó wé, tó ká, tó ṣẹ́ léra wọn bí ogbe àkùkọ ńlá, ìrì wà lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ariwo tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màmá sọ ọmọ odó kalẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

"Àrán ni," ó ní. "Àrán gidi nìyí. Irú èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé yìí." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ìyá tí kò fẹ́ kí iyanrìn kan ta sí aṣọ òun. "Bàbá wọn ì bá fẹ́ràn ẹ̀ o. Kò sí àwọ̀ tí ọkùnrin yẹn fẹ́ràn bíi pupa."

Ìyálé mi ti dé, ó ń jẹ pákò tiẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Akọ̀wé, mo gbà fún ẹ. Nígbà tó bá so èso, èwo ni tèmi?"

"Àǹtí, ṣebí oko ìwòran ni?"

"Èmi náà lójú tí mo fi ń wòran!"

Ọ̀sán ni ọkọ mi dé pẹ̀lú àgbò. Kí n sọ òótọ́, àgbò ló mú un dé. Ó tóbi, ìwo ẹ̀ ká lọ ká bọ̀, ó ń fa okùn, ọkọ mi ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹranko yẹn ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó kọrí sídìí òpó tààrà bíi pé ẹnì kan ti júwe fún un. Mo pariwo. Màmá ti wà níbẹ̀ kí n tó pariwo tán. Ó dúró síwájú irin bẹ́ẹ̀dì, ó na apá méjèèjì, gèlè ẹ̀ ti tú.

"Mú un kúrò níbí!"

"Màmá, ibí náà la ti ń so ó mọ́ látijọ́."

"Ṣé o ò lójú ni? Ṣé ibi tí fúláwà wà lo fẹ́ so ẹran mọ́? Ta ló bí ẹ?"

Ọkọ mi wò mí, mo wo ilẹ̀, torí ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. "Níbo wá ni kí n so ó mọ́, Màmá?"

Màmá wo yíká àgbàlá. Ó wá fúnra ẹ̀ gba okùn, ó so ó mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà yàrá tiẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń tẹ́ ẹní ìrun sí. Nígbà tó ń kírun aláásárì, àgbò ń ké lẹ́yìn ẹ̀ láìdákẹ́. Ó kírun ẹ̀ parí dáadáa, ó sálámà sọ́tùn-ún sósì, ó wá yíjú sí i. "Ìwọ, tó o bá tún dá mi lóhùn lẹ́nu ìrun, wàá rí i." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin kan tó wá ra òwú àtùpà pé, "Ẹ wá lẹ́yìnkùlé, ẹ wá wo nǹkan ìyàwó mi." Nǹkan ìyàwó mi! Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Láti ìgbà tí Màmá ti ká tàkọ́kọ́ ni mo ti gbin ìyókù èso mi sínú garawa kan tó ti jò, mẹ́jọ ló hù nínú ẹ̀, wọ́n ti ga tó ìbú ọwọ́ mi méjì, wọ́n lẹ́wà, orí wọn dúró ṣánṣán. Mo gbé garawa náà wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo fi èékánná mú orí àkọ́kọ́. Mo ká a. Mo ká èkejì. Mo ká a títí dé ìkẹjọ. Ewé náà ò ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ. Mo kó o sínú àwo, mo fi omi ṣàn án, mo kọjá lára àgbò, mo kan ilẹ̀kùn Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀fọ́ rèé," mo sì lọ dáná.